Bí a ṣe ń gba páténtì sí àfarawé orí kọ̀ǹpútà, láti orí ìṣirò dé orí kíléèmù

Àbúrò mi kan, ọmọ Ọ̀fà tó ń ṣiṣẹ́ ẹnjiníà ní Zaria, wọ ọkọ̀ ojú irin ní Rigasa, ó sọ̀ ní Kubwa, ó sì wá bá mi nílé lọ́jọ́ Sátidé kan nínú ọyẹ́. Ìwé olójú ewé 11 ló mú lọ́wọ́. Ohun tó ṣe wú mi lórí gan-an. Ó kọ ètò kọ̀ǹpútà kan tó ń ṣe àfarawé bí ooru àti omi ṣe ń rìn láàárín àgbàdo tí wọ́n kó sínú àká onírin ńlá, irú èyí tí àwọn oníṣòwò ọkà ń lò lápá Kano. Bí omi bá kó jọ síbì kan nínú àká, àgbàdo á bẹ̀rẹ̀ sí í bu láti inú, ẹni tó ni ín kò sì ní mọ̀ títí òórùn á fi jáde. Ètò tiẹ̀ máa ń sọ ibi tí yóò ti bu ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú.

"Àǹtí, wọ́n ní ẹ̀yin lẹ máa ń báni kọ páténtì. Mo fẹ́ gbà á sí èyí kí wọ́n má baà jí i mọ́ mi lọ́wọ́."

Mo ní, "O kú iṣẹ́, àbúrò mi. Kí ni gan-an nínú rẹ̀ lo fẹ́ gbà á sí?"

"Àfarawé náà ni, Àǹtí. Ìṣirò yẹn."

Mo ní kó jẹun ná, torí ìdáhùn yẹn gan-an ni àwọn olùyẹ̀wò páténtì fi ń dá ìwé padà. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó ń ṣe àfarawé omíyalé ní Lokoja, mo sì ti gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó ń ṣe ti eruku lórí páànù sólà ní Jos. Ọ̀nà tí èmi àti àbúrò mi gbà lọ́jọ́ náà ni mo fẹ́ là sílẹ̀ níbí, kí ẹni tó bá ní irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ lè tọ̀ ọ́.

Ọ̀rọ̀ méjì ni kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀. Páténtì ni ẹ̀tọ́ tí ìjọba ń fún ẹni tó hùmọ̀ nǹkan, kí ẹlòmíràn má baà lò ó láìgba àṣẹ. Èkejì ni kíléèmù. Òun ni gbólóhùn tó ń sọ ibi tí ìhùmọ̀ yín bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó dópin. Pẹ̀rẹ́gún tí bàbá wa ń gbìn sí ààlà oko ni. Ẹ lè kọ àlàyé ojú ewé 100, ibi tí pẹ̀rẹ́gún bá wà ni oko yín mọ.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ má tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, kí ẹ sì wádìí ẹni tó ni ín

Ohun àkọ́kọ́ tí mo bi àbúrò mi ni bóyá ó ti fi iṣẹ́ yìí han àwùjọ. Ó ní rárá. Mo mí kanlẹ̀. Mo ti ní oníbàárà kan rí tó gbé iṣẹ́ rẹ̀ kọ́ ara ògiri níbi ìpàtẹ ilé ẹ̀kọ́ kan, tó wá dé ọ̀dọ̀ mi lẹ́yìn oṣù mẹ́rin. Iṣẹ́ náà dára ju ọ̀pọ̀ tí mo ti rí lọ. Ṣùgbọ́n ní Yúróòpù, ohun tí gbogbo ayé ti rí kì í ṣe tuntun mọ́, kódà bó jẹ́ ẹ̀yin fúnra yín lẹ fi hàn wọ́n. Kò sí ohun tí mo lè ṣe sí i níbẹ̀.

Òfin tiwa náà sún mọ́ bẹ́ẹ̀. Òfin Páténtì àti Bátànì ti 1970, tó wà nínú àkójọ òfin 2004 gẹ́gẹ́ bí Orí P2, kà á sí ohun tí aráyé ti mọ̀ bí a bá ti kọ ọ́, tí a sọ ọ́ lẹ́nu, tàbí tí a lò ó ní gbangba níbikíbi láyé kí ọjọ́ ìforúkọsílẹ̀ tó pé. Àfi ìpàtẹ àgbáyé tí ìjọba fọwọ́ sí, tí kò sì ju oṣù mẹ́fà lọ ṣáájú. Amẹ́ríkà àti àwọn orílẹ̀-èdè díẹ̀ mìíràn ló fún ẹni tó hùmọ̀ ní ọdún kan gbáko. Ẹ má fi ti Amẹ́ríkà tan ara yín.

Ẹ wo ìwé ìgbanisíṣẹ́ yín náà. Abala 2 òfin wa sọ pé ohun tí òṣìṣẹ́ bá hùmọ̀ nídìí iṣẹ́ tí wọ́n gbà á fún, ti ẹni tó gbà á síṣẹ́ ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé owó tó tọ́ lè kan òṣìṣẹ́ nígbà mìíràn. Àwọn yunifásítì kan ní ọ́fíìsì tí NOTAP, iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí gbígba ìmọ̀ ẹ̀rọ àti ìgbélárugẹ rẹ̀, dá sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ báyìí. Ẹ bá wọn sọ̀rọ̀ kí ẹ tó náwó.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ wá ibi tí nọ́ńbà yín ti jáde kúrò nínú kọ̀ǹpútà

Ibí ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Ẹ jẹ́ kí n fi ẹjọ́ méjì láti ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà ṣàlàyé, torí ń ṣe ni wọ́n dà bí ìbejì.

Ní 1978 wọ́n dá ẹjọ́ Flook. Ní ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń fi kẹ́míkà yí èròjà epo padà, aago ìkìlọ̀ máa ń dún bí ìgbóná tàbí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ bá kọjá ààlà. Ìhùmọ̀ Flook ni fọ́múlà tó ń tún ààlà náà ṣírò bí iṣẹ́ ṣe ń lọ. Kíléèmù rẹ̀ parí sórí nọ́ńbà tuntun. Ilé ẹjọ́ ní fọ́múlà lásán ni, wọ́n sì kọ̀ ọ́. Wọ́n tún tọ́ka sí i pé ìwé náà kò sọ bí èèyàn ṣe máa yan àwọn nọ́ńbà tí fọ́múlà náà nílò.

Ní 1981 wọ́n dá ẹjọ́ Diehr. Rọ́bà ni wọ́n ń fi ooru sè nínú mọ́ọ̀dì, ìyẹn irin tó ń fún rọ́bà ní ìrísí. Fọ́múlà tí Diehr lò, ti Arrhenius, ti wà nínú ìwé kẹ́mísìrì tipẹ́tipẹ́. Kò hùmọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kíléèmù tirẹ̀ sọ pé kí wọ́n máa wọn ìgbóná inú mọ́ọ̀dì láìdáwọ́ dúró, kí kọ̀ǹpútà máa tún àkókò ṣírò léraléra, kí mọ́ọ̀dì sì ṣí fúnra rẹ̀ nígbà tí àkókò bá pé. Adájọ́ 5 nínú 9 ní kí wọ́n fún un.

Ẹ wo ìyàtọ̀ wọn. Ẹni tó hùmọ̀ fọ́múlà tuntun pàdánù, ẹni tó lo fọ́múlà àtijọ́ jèrè. Nọ́ńbà Flook dúró sínú kọ̀ǹpútà. Nọ́ńbà Diehr lọ ṣí irin gbígbóná. Láti 2014 tí wọ́n ti dá ẹjọ́ Alice, àwọn olùyẹ̀wò Amẹ́ríkà túbọ̀ le mọ́ ọn: bí ọkàn kíléèmù bá jẹ́ èrò lásán, pé ẹ fi kọ̀ǹpútà ṣe é kò tó láti gbà á là.

Ní Yúróòpù, ẹjọ́ tó dá lórí àfarawé gan-an wà, G 1/19 ni nọ́ńbà rẹ̀. Ọjọ́ 10 oṣù Kẹta ọdún 2021 ni ìgbìmọ̀ kòtẹ́milọ́rùn tó ga jù ní Ọ́fíìsì Páténtì Yúróòpù dá a. Ẹnì kan ṣe àfarawé bí ọ̀pọ̀ èrò ṣe ń rìn nínú ilé ńlá, kí àwọn tó ń ya àwòrán ilé lè mọ bóyá ilé náà á gbà wọ́n. Ìgbìmọ̀ náà kò lé àfarawé jáde pátápátá. Wọ́n ní ó lè gba páténtì bó bá yanjú ìṣòro ẹ̀rọ kan, tí àǹfààní rẹ̀ sì kọjá pé ó ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà. Ṣùgbọ́n wọ́n ní kò tó pé ohun tí ẹ ń ṣe àfarawé rẹ̀ jẹ́ ohun ẹ̀rọ, tàbí pé òfin físíìsì ni ẹ fi ṣe é. Kò sì tó pé ẹ sọ pé ẹ fẹ́ fi yẹ àwòrán ilé wò.

Ọ̀pọ̀ ló ń rò pé bí olùyẹ̀wò Yúróòpù bá ti rí "kọ̀ǹpútà" nínú kíléèmù, ẹnu ọ̀nà ti ṣí. Òótọ́ ni, ẹnu ọ̀nà àkọ́kọ́ ṣí. Ẹnu ọ̀nà kejì ni wọ́n ti ń ṣubú: níbi tí wọ́n ti ń béèrè bóyá ìhùmọ̀ yín kọjá ohun tí ọ̀jọ̀gbọ́n iṣẹ́ náà lè ti ara ohun àtijọ́ rí, gbogbo apá kíléèmù tí kò bá dá kún ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ, wọn kì í gbé e sórí òṣùwọ̀n. Ìṣirò yín lè jẹ́ àràmàǹdà. Bí kò bá so mọ́ nǹkan kan, òṣùwọ̀n á ka òfo.

Ọ̀nà mẹ́ta ni mo mọ̀ tí nọ́ńbà fi ń jáde. Èyí tó lágbára jù ni kó wá láti ara ohun tí a wọ̀n, kó sì lọ darí ohun kan: fáànù, ìlẹ̀kùn ìdídò, fáfù. Ìkejì ni kí èsì náà jẹ́ èyí tí a ṣe fún ìlò ẹ̀rọ kan pàtó, kí kíléèmù sì dárúkọ ìlò náà. Ní 2006 wọ́n gba irú bẹ́ẹ̀ wọlé ní Yúróòpù fún àfarawé ariwo inú sákíìtì iná mànàmáná, lábẹ́ ẹjọ́ T 1227/05, ṣùgbọ́n G 1/19 ti kìlọ̀ pé kí èèyàn má fà á gùn jù. Ìkẹta ni kí ìṣirò náà bá bí inú kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́ mu, kó lè ṣe ohun tí kò lè ṣe tẹ́lẹ̀.

Mo bi àbúrò mi, "Bí ètò rẹ bá ti rí i pé àgbàdo fẹ́ bu, kí ló ń ṣẹlẹ̀?"

"Ó máa ń tan fáànù, Àǹtí. Mo so ó mọ́ ọn."

"Níbo lo kọ ọ́ sí nínú ojú ewé 11 yìí?"

Ó ṣí ìwé náà síwá sẹ́yìn. Kò sí níbẹ̀. Lójú tirẹ̀ fáànù kì í ṣe nǹkan, ìṣirò ni iṣẹ́ tó gbà á ní òru. Ó yé mi, mo sì bọ̀wọ̀ fún òru yẹn. Ṣùgbọ́n fáànù náà ni mọ́ọ̀dì Diehr tirẹ̀. Nígbà tí mo tún béèrè, ó ní inú ẹ̀rọ kékeré tó wà lára àká ni ètò náà ń ṣiṣẹ́ sí, torí íntánẹ́ẹ̀tì kì í dúró níbẹ̀. Ibi tí ìgbóná kò bá ti yí padà púpọ̀, ó máa ń da àwọn ìpele àgbàdo pọ̀ kí ìṣirò lè gba inú ìrántí ẹ̀rọ náà. Ìyẹn ti ń sún mọ́ ọ̀nà kẹta tí mo sọ. Ó ní ọ̀nà méjì lọ́wọ́, kò sì kọ ọ̀kankan sílẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ mọ ohun tí òfin tiwa ń béèrè àti ohun tí kì í béèrè

Abala 1 òfin wa fẹ́ kí ìhùmọ̀ jẹ́ tuntun, kó ti ara ọgbọ́n ìhùmọ̀ wá, kó sì ṣeé lò nídìí iṣẹ́. Ó dárúkọ iṣẹ́ àgbẹ̀ pàápàá mọ́ ọn, nítorí náà ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ọ̀rọ̀ àgbàdo kò kàn án. Òfin náà kò sọ ohunkóhun nípa ètò kọ̀ǹpútà. Ohun tó sọ ni pé ìlànà àti àwárí ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì kì í ṣe ìhùmọ̀. Ìṣirò bí ooru ṣe ń rìn máa bọ́ sínú ìlànà yẹn. Ọ̀nà tí a fi ń darí fáànù kò ní bọ́ sí i.

Ohun tó ń tan àwọn èèyàn wa jẹ rèé. Ọ́fíìsì tó ń forúkọ páténtì sílẹ̀ lábẹ́ iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ fún ọ̀rọ̀ okòwò nílùú Àbújá, ìrísí ìwé nìkan ni òfin ní kó yẹ̀ wò. Abala 4 sọ ọ́ kedere pé wọn kò ní wádìí bóyá ìhùmọ̀ náà tọ́ sí páténtì, àti pé ẹni tó gbà á ló ru ewu rẹ̀. Ẹ lè gba sátífíkéètì fún kíléèmù tí kò nítumọ̀. Ẹ lè gbé e kọ́ ògiri pàápàá. Ọjọ́ tí ẹ bá gbé ẹni tó jí i lọ sí Ilé Ẹjọ́ Gíga Ìjọba Àpapọ̀ ni abala 9 máa jáde: agbẹjọ́rò rẹ̀ á ní kí adájọ́ fagi lé páténtì yín, torí kò tọ́ sí páténtì láti ìbẹ̀rẹ̀, tàbí torí àlàyé àti kíléèmù kò bá òfin mu. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ ìwé tí a fẹ́ fi sílẹ̀ ní Àbújá bí ẹni pé olùyẹ̀wò tó le jù ló máa kà á.

Ìwé ètò tí ẹ kọ fúnra rẹ̀, ìyẹn àwọn ìlà kóòdù, òfin ẹ̀tọ́ oǹkọ̀wé ti 2022 ń dáàbò bò ó láìgba páténtì. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá lóye ọgbọ́n inú rẹ̀, tó sì kọ kóòdù tirẹ̀ láì da tiyín kọ, kò rú òfin yẹn.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ kọ àlàyé kí ẹ tó kọ kíléèmù

Òfin fẹ́ kí àlàyé kún tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tó mọ iṣẹ́ náà á lè ṣe é láìpe yín lórí fóònù. Fún àfarawé, ẹ kọ ìṣirò náà lódindi, ẹ sọ ohun tí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan dúró fún àti ìwọ̀n tí a fi ń kà á. Ẹ kọ ipò tí nǹkan wà nígbà tí ìṣirò bẹ̀rẹ̀, ohun tó ń ṣẹlẹ̀ létí àká níbi tí oòrùn ti ń pa irin, àlàfo àkókò láàárín ìṣirò kan àti èkejì, àti ohun tó ń jẹ́ kí ìṣirò dúró. Bí nọ́ńbà kan bá lè wà láàárín 20 sí 60, ẹ kọ 20 sí 60, ẹ kọ 30 sí 40 tẹ̀ lé e, kí ẹ tó wá kọ 35 tí ẹ ń lò gan-an. Àwọn ìpele yẹn ni ẹ ó fà sẹ́yìn sí bí olùyẹ̀wò bá ní kíléèmù yín ti fẹ̀ jù. Ní Yúróòpù, ohun tí kò bá sí nínú ìwé lọ́jọ́ tí ẹ fi í sílẹ̀, ẹ kò lè fi kún un mọ́ láéláé.

Ẹ fi ohun tí ẹ wọ̀n hàn pẹ̀lú: ohun tí àfarawé sọ lápá kan, ohun tí sẹ́ńsọ̀, ìyẹn ẹ̀rọ kékeré tó ń wọn ìgbóná àti ọ̀rinrin inú àká, rí lápá kejì, ọjọ́ sí ọjọ́.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ẹ kọ kíléèmù, ẹ fà á ya, ẹ tún un kọ

Ní Gẹ̀ẹ́sì ni ẹ ó fi í sílẹ̀, ṣùgbọ́n mo ní kí àbúrò mi kọ́kọ́ sọ ọ́ ní Yorùbá. Èèyàn kì í rí ibi fara pa mọ́ sí nínú èdè ìyá rẹ̀. Èyí tó kọ́kọ́ kọ nìyí:

"Ọ̀nà láti fi kọ̀ǹpútà ṣe àfarawé ọ̀rinrin inú àká lọ́nà tó péye, nípa lílo ìṣirò M títí èsì yóò fi dúró."

Kò jáde kúrò nínú kọ̀ǹpútà, ìyẹn ti tó láti pa á. A tún un kọ:

"Ọ̀nà láti darí fáànù àká, nínú èyí tí kọ̀ǹpútà ń gba ọ̀rinrin láti ọ̀dọ̀ sẹ́ńsọ̀, tó ń ṣírò ọ̀rinrin ọjọ́ iwájú, tó sì ń tan fáànù nígbà tó bá yẹ."

Èyí ti jáde. Inú àbúrò mi dùn. Mo wá fi bírò tọ́ka sí "ọ̀rinrin," mo bi í pé kí ni sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ ń wọ̀n. Ó ní ọ̀rinrin ni. Ọ̀rinrin kí ni? Ó dákẹ́. Ó wá ní afẹ́fẹ́ tó wà láàárín ẹyọ àgbàdo kan àti òmíràn ni sẹ́ńsọ̀ ń wọ̀n. Omi tó wà nínú ẹyọ àgbàdo fúnra rẹ̀, ìṣirò ló fi ń rí i. Ohun méjì ló ń jẹ́ orúkọ kan. Mo tún bi í pé 13 nínú 100 tó fi ṣe ààlà, 13 nínú 100 kí ni? Bí a bá fi ìwúwo omi wé ìwúwo àgbàdo pẹ̀lú omi inú rẹ̀, 13 ni. Bí a bá fi wé àgbàdo tí a ti yan gbẹ pátápátá, àgbàdo kan náà á di nǹkan bí 15. Àwọn oníṣòwò ń lo ti àkọ́kọ́, àwọn ìwé ìwádìí kan ń lo ìkejì. Ẹni tó jí ìhùmọ̀ rẹ̀ kàn máa sọ fún adájọ́ pé òun ò dé ààlà, bí a bá fi ti òun wọ̀n ọ́n. Àsọ̀rọ̀ àìlàdí ló pa Elénpe ìṣáájú, tó ní igbá wúwo ju àwo lọ.

Ìrọ̀lẹ́ ti ń lẹ́ nígbà tí èyí jáde:

"Ọ̀nà láti darí fáànù tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú àká tí àgbàdo wà, nínú èyí tí ẹ̀rọ ìdarí kan:
(a) ń gba ìwọ̀n ìgbóná àti ìwọ̀n ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ àárín àgbàdo, ní ìṣẹ́jú 30 sí ìṣẹ́jú 30, láti ọ̀dọ̀ sẹ́ńsọ̀ tó wà ní ibi mẹ́ta ó kéré tán, tí jíjìn wọn sísàlẹ̀ yàtọ̀ síra;
(b) ń yí ìwọ̀n wọ̀nyẹn padà sí iye omi inú àgbàdo ní ìpele kọ̀ọ̀kan, iye omi náà sì jẹ́ ìwúwo omi nínú ìwúwo 100 àgbàdo pẹ̀lú omi inú rẹ̀;
(d) ń ṣírò iye omi tí yóò wà ní ìpele kọ̀ọ̀kan ní wákàtí 72 síwájú, nípa ìṣirò bí ooru àti omi ṣe ń kọjá láti ìpele kan sí ìpele tó tẹ̀ lé e;
(e) ń tan fáànù náà nígbà tí iye omi tó ṣírò ní (d) fún ìpele èyíkéyìí bá ju 13 lọ, tí ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ ìta àká tí sẹ́ńsọ̀ ìta wọ̀n kò sì tó 65 nínú 100;
(ẹ) ń pa fáànù náà nígbà tí ọ̀kan nínú ohun méjì tó wà ní (e) kò bá sí mọ́."

Ọgbọ́n dída ìpele pọ̀ di kíléèmù 2. Ọgbọ́n fífi ohun tí sẹ́ńsọ̀ rí lónìí tún ìṣirò àná ṣe di kíléèmù 3. Bí kíléèmù 1 bá ṣubú, wọ́n lè dá dúró.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ẹ sẹ́ gbogbo ọ̀rọ̀ bí ẹni sẹ́ ọkà

Ẹ mú bírò pupa. Ẹ fa ìlà sábẹ́ gbogbo ọ̀rọ̀ tí ẹni méjì lè wọ̀n sí ọ̀nà méjì: dáadáa, yára, péye, nítòsí, púpọ̀, bó bá ti yẹ, tó dára jù. Ẹ fi nọ́ńbà pẹ̀lú ọ̀nà ìwọ̀n rẹ̀ rọ́pò wọn, tàbí kí ẹ yọ wọ́n. "Títí èsì yóò fi dúró" gbọ́dọ̀ di "títí ìyàtọ̀ láàárín ìṣirò méjì tó tẹ̀ léra kò fi ní tó" iye kan. Ohun tí ẹ pè ní ẹ̀rọ ìdarí ní ìlà kìíní kò gbọ́dọ̀ di kọ̀ǹpútà ní ìlà kẹrin. Bí ẹ bá kọ "ìwọ̀n náà," kí ìwọ̀n kan ti wà lókè tí kì í ṣe méjì.

Ẹ má rò pé ohun kékeré ni. Ní 2014 ọ̀rọ̀ bí ohun méjì ṣe wà "ní àlàfo sí ara wọn" lára ẹ̀rọ tí ń ka lílù ọkàn ló gbé ẹjọ́ Nautilus àti Biosig dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà. Láti ọjọ́ yẹn, òṣùwọ̀n wọn ni pé kí ọ̀jọ̀gbọ́n iṣẹ́ náà lè fi ìdánilójú tó mọ́gbọ́n dání mọ ibi tí ààlà wà. Ní Yúróòpù, abala 84 àdéhùn wọn ló ń béèrè kí kíléèmù mọ́lẹ̀ kedere, kó má gùn jù, kí àlàyé sì gbè é lẹ́yìn.

Ẹ̀rù lè máa bà yín pé nọ́ńbà á jẹ́ kí oko yín kéré. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí kíléèmù 1 fi máa ń ní nọ́ńbà díẹ̀ tí kò ṣeé má ní, tí ìyókù á wà nínú àwọn tó tẹ̀ lé e. Èmi yóò yan oko kékeré tí pẹ̀rẹ́gún rẹ̀ dúró ṣinṣin ju ọ̀dàn ńlá tí ẹnikẹ́ni ò mọ ibi tó mọ lọ.

Ìgbésẹ̀ keje: Ẹ wo ẹni tí yóò máa ṣe é

Bí sẹ́ńsọ̀ bá wà ní Kano, tí ìṣirò ń lọ lórí kọ̀ǹpútà kan nílẹ̀ òkèèrè, tí ẹlòmíràn sì ń tan fáànù, ta lẹ fẹ́ pè lẹ́jọ́? Ẹ kọ kíléèmù náà kí ó lè jẹ́ ẹnì kan, níbì kan, ni yóò ṣe gbogbo rẹ̀. Ẹ tún un kọ lẹ́ẹ̀kejì gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rọ, ìyẹn àká tó ní sẹ́ńsọ̀, ẹ̀rọ ìdarí àti fáànù, kí ẹ lè mú ẹni tó ń tà á yàtọ̀ sí ẹni tó ń lò ó.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Ẹ fi í sílẹ̀, kí ẹ sì máa ka oṣù

Lọ́yà tàbí aṣojú ni kí ẹ gbà. Ìwé tó máa lọ ni orúkọ àti àdírẹ́sì yín, àlàyé, àwòrán, kíléèmù, owó ìforúkọsílẹ̀, àti ìwé àṣẹ tí ẹ fọwọ́ sí fún aṣojú náà. Ọjọ́ tí wọ́n bá gbà á ni ọjọ́ yín. Ẹni tó bá kọ́kọ́ fi í sílẹ̀ ni òfin wa mọ̀, kì í ṣe ẹni tó kọ́kọ́ rò ó.

Láti ọjọ́ náà, oṣù 12 ni ẹ ní láti fi í sílẹ̀ ní orílẹ̀-èdè mìíràn kí ọjọ́ àkọ́kọ́ yẹn sì dúró fún yín. Nàìjíríà wọ àdéhùn PCT, èyí tó ń jẹ́ kí ìwé kan ṣoṣo ṣí ọ̀nà sí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, ní ọjọ́ 8 oṣù Karùn-ún ọdún 2005, nítorí náà ẹ lè gba ibẹ̀, ẹ ó sì ní nǹkan bí oṣù 30 láti ọjọ́ àkọ́kọ́ kí ẹ tó pinnu orílẹ̀-èdè tí ẹ ó náwó sí. Ọdún 20 ni páténtì fi ń wà níbí, bí ẹ bá ń san owó ọdọọdún rẹ̀. Bí ẹ bá gbàgbé, oṣù mẹ́fà ni wọ́n ń fi kún un, lẹ́yìn náà ó kú.

Àbúrò mi sùn sọ́dọ̀ mi lóru ọjọ́ náà. Kí ó tó padà sí Rigasa láàárọ̀, ó fi oṣù 12 àti oṣù 30 sínú fóònù rẹ̀, ó fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí fóònù ìyàwó rẹ̀ pẹ̀lú, ó sì fi ojú ewé 11 àkọ́kọ́ yẹn sílẹ̀ sórí tábìlì mi.